Báwo la ṣe lè kọ́ ará ìlú kékeré láti ṣọ́ omi lò? Ẹ bá wa dá sí i

Akọ̀wé_Ìgbìmọ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí yóò máa kọ́ àwọn ará ìlú wa bí a ṣe ń ṣọ́ omi lò. Ìlú kékeré ni, gbogbo wa fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ara wa tán. Adágún tí ilé iṣẹ́ omi ń fa omi láti inú rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí òjò bá sì tún dé, kálukú á gbàgbé. Ohun tí ìgbìmọ̀ ní lọ́kàn ni kí a tẹ ìwé tí a ó lẹ̀ mọ́ ògiri, kí a pe ìpàdé gbogboogbò, kí ẹnì kan tó mọ̀ nípa omi wá bá wa sọ̀rọ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Àwọn tó máa ń wá sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí kì í fi omi ṣòfò tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, kí ló ṣiṣẹ́? Kí ni kò ṣiṣẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé "omi ni ìyè". Ó ti wà lára ògiri.

Pọ́ńbà_Àgbà
Kí ẹ tó kọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ wá ibi tí omi ti ń jò. Iṣẹ́ mi nìyẹn, mo sì lè sọ fún yín pé púpọ̀ nínú omi tó ń ṣòfò nínú ilé, kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ dà á nù. Òru ló ń lọ, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Ẹ̀rọ tó ń kán tó, tó, tó, ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á ti da nǹkan bí 11,000 lítà nù kí ọdún tó yí po. Rọ́bà róbótó kékeré tó wà nínú ẹ̀rọ náà, èyí tí àwa ń pè ní wáṣà, ló sábà máa ń fà á. Iṣẹ́ kékeré ni láti pààrọ̀ rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a ń fi omi fà, torí pé kì í pariwo. Rọ́bà tó dí ìdí táǹkì rẹ̀ á ti gbó, omi á máa yọ́ lọ sínú àwo láìsí ẹni tó gbọ́. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí: ẹ kán aró tí wọ́n fi ń pa oúnjẹ láwọ̀ sínú táǹkì, ẹ má fà á, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí àwọ̀ bá yọ nínú àwo, ó ń jò nìyẹn.

Ti gbogbo ilé lápapọ̀: tí ẹ bá ní mítà, ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹ tó sùn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan omi mọ́, kí ẹ tún kà á láàárọ̀. Tí nọ́ńbà bá ti yí, omi ń gba ibì kan lọ. Ìdánwò yìí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yín. Mo ti rí bàbá tó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ jà nítorí omi ìwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ yàrá àlejò rẹ̀ ń jò ju omi tí gbogbo ọmọ náà fi ń wẹ̀ lọ.

Olùkọ́_Jọ́gíráfì
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé àwọn èèyàn ò mọ iye omi tí wọ́n ń lò. Ẹ bi ẹnikẹ́ni léèrè. Á dárúkọ omi mímu, á dárúkọ omi ìwẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má rántí ìgbọ̀nsẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ àtijọ́ lè gba lítà 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní fífà kan ṣoṣo. Àwọn tuntun ò ju bíi 6 lọ, àwọn tó ní bọ́tìnnì méjì á sì lo bíi 3 péré tó bá jẹ́ ìtọ̀ ni.

Ní kíláàsì mi, mo máa ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé garawa tí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀ sábẹ́ ṣáwà tàbí ẹnu ẹ̀rọ ilé wọn, kí wọ́n ka bó ṣe pẹ́ tó kó tó kún. Tí garawa lítà 10 bá kún ní ìṣẹ́jú kan, ẹni tó bá dúró sábẹ́ ṣáwà yẹn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti lo 100 lítà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní 50 sí 100 lítà lójúmọ́ ló tó ẹnì kan fún gbogbo ohun tó pọn dandan, àti mímu, àti síse, àti fífọ̀. Kò sí ìwàásù tí mo lè ṣe tó máa wọ ọmọ lára tó ìṣirò tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ náà á sì bá a délé.

Ẹ kíyè sára níbì kan ṣá: ẹ má sọ ọmọ di ọlọ́pàá ilé. Òbí tí ọmọ bá bá wí lójú àlejò kì í pa ẹ̀rọ, ilé ìwé ló máa ń bínú sí. Ìwé kan tí òbí àti ọmọ á jọ kún ni mo máa ń fún wọn.

Mi_ò_Gbà
Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wo lẹ fẹ́ kọ́ ẹni tó ń fo páìpù tó bẹ́ sójú títì kọjá láràárọ̀? Níbi tí mò ń gbé, wọ́n gbé ọkọ̀ tó ní gbohùngbohùn wá, wọ́n ní ká máa pa ẹ̀rọ tí a bá ń fọ eyín. Inú ẹrẹ̀ tí páìpù tiwọn dá sílẹ̀ ni ọkọ̀ náà gbà kọjá. Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá ní ká ṣọ́ omi lò, ẹrẹ̀ yẹn la fi ń dá a lóhùn. Kí ilé iṣẹ́ omi kọ́kọ́ tún tiwọn ṣe.

Akọ̀wé_Ìgbìmọ̀
Ọ̀rọ̀ yín dùn mí torí pé kò sí irọ́ níbẹ̀. Irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ tiwa náà. Ṣé kí n wá dá gbogbo rẹ̀ dúró títí wọ́n á fi tún un ṣe?

Mi_ò_Gbà
Rárá o. Ẹ jẹ́ kí àtúnṣe páìpù yẹn jẹ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fún ará ìlú ní nọ́ńbà tí wọ́n lè pè, tàbí tí wọ́n lè fi fọ́tò ránṣẹ́ sí, nígbà tí wọ́n bá rí ibi tó ń jò. Kí ẹ wá máa kọ ọ́ síta gbangba: ọjọ́ tí ẹ gbọ́, ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe. Tó bá pẹ́, ẹ kọ ọ́ pé ó pẹ́. Tí ẹ ò bá bo tiyín, a ó gbọ́ tiyín.

Nǹkan kejì tí kò sẹ́ni tó máa ń sọ: tí gbogbo ìlú bá dín omi kù, owó tó ń wọlé fún ilé iṣẹ́ omi náà á dín kù, bẹ́ẹ̀ owó òṣìṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Wọ́n lè wá gbé iye owó omi sókè. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn èèyàn kó tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá dín omi kù lónìí, tí owó tó ń san wá lé sí i lọ́la láìsí àlàyé, ẹ ò ní rí i mọ́ láé.

Ọmọ_Ìwádìí
Ẹ jẹ́ kí n gbé ohun tí wọ́n ti dán wò wá, torí pé ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ló ń ná owó sórí ìwé àlẹ̀mọ́gi tí kò ní mú nǹkan kan wá.

Lọ́dún 2014, wọ́n dán nǹkan wò ní ìlú kan tó ń jẹ́ Belén, ní orílẹ̀-èdè Costa Rica. Àwọn ilé kan rí àlẹ̀mọ́ lára ìwé owó omi wọn tó fi omi tí wọ́n lò wé ti àwọn aládùúgbò wọn. Àwọn mìíràn rí èyí tó fi wọ́n wé gbogbo ìlú. Àwọn kan gba káàdì tí wọ́n á kọ iye tí wọ́n fẹ́ dín kù sí, àti bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é. Ti aládùúgbò ṣiṣẹ́, ti káàdì ṣiṣẹ́. Ti gbogbo ìlú ò mú ohun kan tó hàn gbangba wá. Kò yà mí lẹ́nu. Ta ni ń jẹ́ "gbogbo ìlú"? Ẹni tó ń gbé lódìkejì ọ̀nà la mọ̀.

Kó tó dìgbà yẹn, lọ́dún 2007, wọ́n ti kọ lẹ́tà sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ní Cobb County, ní ìpínlẹ̀ Georgia, Amẹ́ríkà. Àwọn tó gba ìmọ̀ràn nìkan (ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún ibi tó ń jò ṣe) fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Àwọn tí lẹ́tà tiwọn tún sọ bí wọ́n ṣe rí sí ti àwọn aládùúgbò dín omi kù ní nǹkan bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìwé lásán ló fà á.

Ewu kan wà níbẹ̀ o. Nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣe lórí iná mànàmáná ní California, àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ń lò kéré sí aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó sí i. Àṣé àwọn ti ń fi ìyà jẹ ara àwọn lásán! Nígbà tí wọ́n ya ojú tó ń rẹ́rìn-ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà wọn, wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà. Nítorí náà, ẹ máa yin ẹni tó ń lo díẹ̀.

Ọ̀dọ́_Ìlú
Tó bá jẹ́ bí ojú ṣe ń ti èèyàn níwájú aládùúgbò ló ń ṣiṣẹ́, kí ló dé tí a ò kàn ní lẹ orúkọ àwọn afomiṣòfò mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀? Ọ̀sẹ̀ kan péré, ìwà á yí.

Ìyá_Ìbejì
Ọmọ mi, má dán an wò. Ilé tí èèyàn méjìlá ń gbé àti ilé tí èèyàn méjì ń gbé, èwo ni mítà rẹ̀ máa ga? Ilé elérò púpọ̀ lẹ máa dójú tì, nígbà tí tọkọtaya tó ń fi họ́ọ̀sì bomi rin koríko títí ilẹ̀ á fi mọ́ á máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ pín iye omi tí ilé lò fún iye èèyàn tó ń gbé ibẹ̀, kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Ilé tí aláìsàn wà ńkọ́? Èyí tó ní ọmọ tuntun jòjòló ńkọ́?

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ náà, ta lẹ fẹ́ kọ́ gan-an? Mo ti gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bíi mélòó kan, àwọn obìnrin tó ń ru omi láti kànga lẹ máa ń kó jọ, ẹ ó wá máa sọ fún wọn pé omi ṣọ̀wọ́n. Ọrùn wọn ti sọ fún wọn tipẹ́. Wọ́n ń fi omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ fọ ilẹ̀, wọ́n ń fi èyí tó kù fọ ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn ló yẹ kó wá kọ́ yín. Ẹ lọ bá ẹni tó ní ẹ̀rọ mẹ́fà nínú ilé, ẹni tó ń fọ mọ́tò fún owó, òtẹ́ẹ̀lì, àwọn tó ń fọ aṣọ, ilé ìjọsìn tó ní ọgbà òdòdó, ilé ìwé tí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í pa tán. Ní ìlú kékeré, irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀ ò pọ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀, ẹ mú púlọ́ńbà dání, ẹ bá wọn jókòó. Ọ̀sán kan lọ́dọ̀ òtẹ́ẹ̀lì lè mú omi bọ̀ ju ìpàdé tí ẹ fẹ́ pè lọ.

Tí ẹ bá sì fẹ́ pe ìpàdé ṣá, ẹ má pè é sí àkókò tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ilé wà nídìí iṣẹ́ wọn. Bàbá tó wá sí ìpàdé kọ́ ló ń ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná.

Ọ̀dọ́_Ìlú
Ẹ ṣeun mà. Mo ti gbọ́. Mo fà á sẹ́yìn.

Ọmọ_Ìwádìí
Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ yìí, Cape Town ní South Africa ṣe ohun tó jọ ọ́. Nígbà tí adágún wọn ń gbẹ lọ, wọ́n ṣe àwòrán ìlú sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, wọ́n sì ń fi àmì aláwọ̀ ewé sí ilé tí kò kọjá ìwọ̀n. Ẹni tó ṣe dáadáa ni wọ́n fi hàn. Láti oṣù kejì ọdún yẹn, 50 lítà ni wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan má kọjá lójúmọ́. Nọ́ńbà kan ṣoṣo, tí ọmọdé lè rántí. Gúúsù ìlà-oòrùn Queensland ní Ọsirélíà ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2007: 140 lítà ni tiwọn, wọ́n sì pín aago kékeré tó ń ka ìṣẹ́jú mẹ́rin fún àwọn èèyàn láti gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáwà.

Akọ̀wé, ẹ wá nọ́ńbà kan tó bá ìlú yín mu. Tí ìmọ̀ràn bá ti di ogún, kò sẹ́ni tó máa rántí ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, kí nọ́ńbà yẹn má lọ gba ọwọ́ fífọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Mo máa ń bẹ̀rù tí wọ́n bá ti ń sọ pé "ẹ dín omi kù" láìsọ ibi tí ó ti yẹ kó dín kù. Ìgbẹ́ gbuuru ló máa ń tẹ̀ lé e. Ẹ sọ ọ́ kedere pé ọwọ́ fífọ̀ ò sí lára ohun tí a ń dín kù. Ẹ fi omi rin ọwọ́, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ fi ọṣẹ bò ó, ẹ fi ra ara wọn fún ogún ìṣẹ́jú àáyá, ẹ wá tún ẹ̀rọ ṣí láti ṣan án.

Omi tí a bá tọ́jú pamọ́ náà, kó ní ìdérí tó dé pinpin. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú àti ibà dengue ràn, inú omi mímọ́ tó dúró jẹ́ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ló fẹ́ràn láti yé sí, kò sì ju bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí ẹyin á fi di ẹ̀fọn tó ń fò. Ẹ da omi tó wà nínú àgbá jáde lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ara rẹ̀ nínú, torí ara rẹ̀ ni ẹyin máa ń lẹ̀ mọ́. Ẹ má sì dà á nù lásán. Ẹ fi bomi rin nǹkan.

Omi tí a ti fi wẹ̀ tàbí fọ aṣọ, kó má sùn nílẹ̀ kọjá ọjọ́ kan. Ẹ má bù ú sórí ewé tí èèyàn á jẹ láìsè. Èyí tí wọ́n fi fọ ìtẹ́dìí ọmọ, ṣe ni kí ẹ dà á síbi tí ẹ ń da omi ìdọ̀tí sí.

Àgbẹ̀_Ẹ̀yìnkùlé
Kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ òrùlé. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: òjò tó ga ní mìlímítà kan, tó rọ̀ sórí ibi tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan, lítà omi kan ni. Òrùlé tó fẹ̀ ní mítà mẹ́fà tó sì gùn ní mítà mẹ́jọ, tí òjò mìlímítà 10 bá rọ̀ sí i, á sún mọ́ 480 lítà. Díẹ̀ á ṣòfò níbẹ̀, ó dájú, ṣùgbọ́n ẹ wo èyí tó kù! Omi àkọ́kọ́ á ti kó eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ, ẹ jẹ́ kó lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e dára fún ọgbà, fún ìgbọ̀nsẹ̀, fún ilẹ̀ fífọ̀.

Nínú ọgbà, ìdáji tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n máa bomi rin. Oòrùn ọ̀sán á gba tirẹ̀ kí gbòǹgbò tó gba tirẹ̀. Koríko gbígbẹ tí wọ́n bá tẹ́ sí ìdí ewébẹ̀ á jẹ́ kí ilẹ̀ pẹ́ kó tó gbẹ. Ìyẹn tó.

Ọ̀dọ́_Ìlú
Mo kà á níbì kan pé kí èèyàn ju bíríkì sínú táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀, kó lè dín omi tó ń gbà kù. Ṣé òótọ́ ni?

Pọ́ńbà_Àgbà
Bíríkì á rà, á fọ́ sí wẹ́wẹ́, á lọ há rọ́bà ìdí táǹkì, ẹ ó wá pè mí. Ẹ lo ìgò oníke tí ẹ rọ omi kún, tí ẹ dé pa, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí kò ti ní kan irin inú rẹ̀. Ìgbọ̀nsẹ̀ àtijọ́ nìkan ni mo ń sọ o. Tó bá jẹ́ ti lítà 6, ẹ má fi nǹkan kan sí i, torí tí kò bá lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó tún fà á lẹ́ẹ̀kejì, èrè wá dà?

Ohun tí mo máa gba ìgbìmọ̀ níyànjú láti rà, tí owó bá wà, ni ajọ̀ kékeré tó ń po afẹ́fẹ́ mọ́ omi ní ẹnu ẹ̀rọ. Omi á dín kù, ọwọ́ tó ń fọ̀ ò ní mọ̀. Ẹni tó ń lò ó ò nílò láti rántí nǹkan kan, ìdí tí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Akọ̀wé_Ìgbìmọ̀
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti kọ tuntun fún ìgbìmọ̀. A ó kọ́kọ́ gbé nọ́ńbà ìfisùn àti pátákó àtúnṣe páìpù jáde, kí a tó sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà la ó lọ bá àwọn tó ń lo omi jù, èmi àti púlọ́ńbà méjì tó ti gbà láti bá wa ṣe é. Àwọn ilé ìwé á ṣe ìdánwò garawa. Ìpàdé gbogboogbò ti di èyí tó gbẹ̀yìn.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ìdajì ilé ìlú wa ni kò ní mítà. Kí la máa fi wọ̀n tiwọn? Èkejì, ohun tí mo kọ fún àlẹ̀mọ́ ìwé owó omi nìyí: "Omi ṣe pàtàkì. Ilé yín lo omi ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dín in kù."

Olùkọ́_Jọ́gíráfì
Ẹ fún ilé tí kò ní mítà ní ìwé kan àti bírò tí wọ́n á so mọ́ ẹ̀gbẹ́ àgbá omi. Ẹni tó bá bu garawa kan, kó fa ìlà kan. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ máa ṣe é, ẹ má jẹ́ kó di oṣù, wọ́n á sú. Ilé tó kọ ìlà fún ọ̀sẹ̀ kan ti mọ ibi tí omi rẹ̀ ń lọ.

Ọmọ_Ìwádìí
Àlẹ̀mọ́ yín, ẹ yọ "omi ṣe pàtàkì" kúrò. "Ju bó ṣe yẹ lọ" náà, ta ló ní ó yẹ? Ẹ kọ nọ́ńbà. Bí èyí: "Lóṣù tó kọjá, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé yín lo lítà ___ lójúmọ́. Lójú pópó yín, ó jẹ́ lítà ___. Lóṣù yìí, a fẹ́ dé lítà ___, ọ̀nà tí a ó gbà ni ___." Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ àlàfo méjì tó kẹ́yìn.

Ìyá_Ìbejì
Kí ẹ sì fi lẹ́tà ńlá tẹ̀ ẹ́. Àwa tí ojú wa ti ń ṣe bàìbàì la ń san owó omi.